Nọ́ńbà orí ilẹ̀: ohun tí ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ tà kọ́ mi

Ẹ wo ìwé yìí dáadáa. Sọ́fè ni, ìwé àwòrán tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn. Ẹ rí ìlà pupa tó yí ilẹ̀ náà ká, ẹ rí èdìdì sọ́feyọ̀. Ó dáa, ẹ sún mọ́ ọn: àwọn nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun yìí ńkọ́? Àwọn ló ń sọ ibi tí igun náà wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ilẹ̀ títà ní Èkó, torí nọ́ńbà yìí ni mo ṣe pè yín.

Oṣù mẹ́rin péré ni mo ti ń ṣe éjẹ́ǹtì nígbà tí ìyá kan tó ń ta aṣọ ní kí n bá òun wá ilẹ̀ sí Ìkòròdú. Mo rí ọ̀kan. Ilẹ̀ náà ga, omi kì í dúró síbẹ̀, ẹbí tó ń tà á sì fi irú sọ́fè yìí hàn mí. Mo ní kí ìyá fi nǹkan sílẹ̀. ₦300,000 ni wọ́n kà fún mi, ₦500 ₦500 tí wọ́n fi rọ́bà dì ní ìdì-ìdì. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni wọ́n ti mú un wá, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àbúrò ìyá náà ní kí n lọ ṣe charting ní ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn sọ́feyọ̀ ìjọba, ní Alausa: kí wọ́n fi nọ́ńbà inú sọ́fè wo ilẹ̀ náà lórí máàpù ìjọba, bóyá ìjọba ti gbà á. Èsì jáde: ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tiwọn. Committed ni wọ́n ń pè é! Ẹbí náà ti ná owó. Oṣù méje ni mo fi san án padà láti àpò ara mi.

Àfiwé kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Sọ́fè dà bíi fọ́tò ọmọge. Ó máa fi bó ṣe ga tó hàn yín, àti bó ṣe rẹwà tó. Ṣé fọ́tò lè sọ pé ìdílé kan ti san owó orí rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á délé wọn, á béèrè. Alausa nilé ọmọge yìí. SỌ́FÈ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ PÉ ILẸ̀ KÒ NÍ WÀHÁLÀ!

Àwọn kan á ní, "Àwa ń ṣe charting." Ẹ dúró! Ibí gan-an lẹ ti ń ṣì í. Nọ́ńbà wo lẹ gbé lọ? Èyí tó wà nínú ìwé tí ẹni tó ń tà gbé fún yín, àbí? Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀ tí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ni ìwé yẹn ń sọ? Wọ́n lè mú sọ́fè ilẹ̀ tó mọ́ fún yín, kí wọ́n sì mú yín lọ dúró sórí òmíràn. Èsì á ní kò sí wàhálà, òótọ́ sì ni, àmọ́ ilẹ̀ ibòmíràn ni kò ní wàhálà. Ẹ wá sọ́feyọ̀ tiyín, kì í ṣe tiwọn. Kó débẹ̀ fúnra rẹ̀, kó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan, kó mú nọ́ńbà láti orí ilẹ̀. Mo tún un sọ: ORÍ ILẸ̀, kì í ṣe inú ìwé!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gazette, ìwé tí ìjọba fi ń ṣe ìkéde. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba lè yọ̀ǹda apá kan padà fún abúlé. Excision nìyẹn, inú gazette ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Abúlé lè ní gazette, kí ìlà rẹ̀ má dé pulọ́ọ̀tì yín. Nọ́ńbà yẹn náà ló máa sọ.

Pé kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ìdílé tó ń ta ilẹ̀ buwọ́ lùwé, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ohun kan dùn mí ju owó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sá fún ìpè ìyá náà. Ọjọ́ karùn-ún ni mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ti owó. Kí ló dé tí o ò gbé fóònù?" Ẹ jọ̀ọ́, tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ fún kọsítọ́mà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá náà tún pè mí. Kí wọ́n tó tú owó jáde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti dé Alausa?" Mo na èsì sí wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà, wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.