Ta Ló Rán Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Náà? Ọ̀rọ̀ lórí Fíìmù BlacKkKlansman

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Peckham, ní London. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwàdà ibẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn, àga ṣì wà níwájú. Ẹ máa bọ̀, mi ò ní bi yín ní ìbéèrè.

Ọ̀pọ̀ yín ti wo fíìmù yìí, nítorí náà mi ò ní tún un sọ látòkèdélẹ̀. Spike Lee ló darí rẹ̀ lọ́dún 2018, ó gba Grand Prix ní Cannes, ó sì gba Oscar lọ́dún tó tẹ̀ lé e fún bí wọ́n ṣe sọ ìwé di eré. Gbogbo wa la rántí ibi tí Ron Stallworth, ọlọ́pàá adúláwọ̀, ti ń bú adúláwọ̀ lórí fóònù, tí inú àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Amẹ́ríkà, sì ń dùn ṣìnkìn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo ń gbé kiri látìgbà tí mo ti wò ó: ta ló rán an? Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Klan ni wọ́n rán Ron Stallworth sí. Ẹni tó rán an ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni, ní Colorado Springs. Stallworth ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà. Ó ń ka ìwé ìròyìn, ó rí ìpolówó kékeré kan: Klan ń wá ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ wọn rèé. Ó kọ lẹ́tà sí wọn pé òyìnbó lòun, òun sì kórìíra ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òyìnbó. Ẹ wá gbọ́ o: orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé gan-an ló fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà! Ó rò pé ìwé ìléwọ́ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Fóònù ló dún. Sójà kan ní bárékè Fort Carson, tó ń kó ẹgbẹ́ jọ nílùú, ló pè é pé kí àwọn pàdé.

Bí wọ́n ṣe pín ọkùnrin kan sí méjì nìyẹn. Stallworth ni ohùn. Ọlọ́pàá òyìnbó kan, tí ìwé Stallworth pè ní Chuck, ni ara. Chuck á lọ sípàdé, á jẹ́ orúkọ Stallworth. Bó bá dé, Stallworth á gbé fóònù, á máa bá ọ̀rọ̀ lọ níbi tí Chuck bá a dé. Nígbà tí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ pẹ́ kó tó dé, ó pe Louisiana, ó sì bá David Duke, ọ̀gá Klan, fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Duke fọ́nnu fún un pé adúláwọ̀ kankan ò lè tan òun lórí fóònù, pé bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ti tó òun láti dá wọn mọ̀. Ó wá fọwọ́ sí káàdì, ó fi í ránṣẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1979, Duke wá sí ìlú náà. Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi ẹnì kan ṣọ́ ọ. Ta ni ọ̀gá yàn? Stallworth! Ó ní kí wọ́n jọ ya fọ́tò. Bí kámẹ́rà Polaroid ṣe fẹ́ ṣẹ́jú báyìí, ó gbé apá lé Duke léjìká. Duke fò mọ́ fọ́tò náà. Stallworth ní kó dán an wò, pé òun á mú un fún ẹ̀sùn pé ó fọwọ́ kan ọlọ́pàá. Ọ̀gá Klan dúró gbagidi. Mo lè fi wákàtí kan sọ ti fọ́tò yìí nìkan, ṣùgbọ́n olóòtú ètò ti ń wo aago.

Fíìmù fi bọ́ǹbù kún un. Kò sí bọ́ǹbù. Ó sọ Chuck di Júù, kì í ṣe Júù. Ó gbé gbogbo rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìyẹn ò dùn mí, eré ni wọ́n ń ṣe. Ibi tó dùn mí ni pé bọ́ǹbù yẹn jẹ́ ká rò pé ẹjọ́ parí síbì kan. Kò sẹ́ni tó dé kóòtù. Stallworth sọ pé àwọn ò jẹ́ kí Klan rí àgbélébùú sun nílùú, wọ́n sì gbé sójà méjì tó jẹ́ ọmọ Klan kúrò ní NORAD, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí Klan ní kí “Stallworth” wá di olórí àwọn níbẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n ba gbogbo ìwé ẹ̀rí jẹ́, kí ará ìlú má baà gbọ́ pé ọlọ́pàá wà nínú Klan. Stallworth kó lára fáìlì náà sábẹ́ apá, ó gbé e lọ sílé. Òun la fi rí ìwé tó kọ ní 2014.

Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán an ńkọ́? Wọ́n ní kó lọ jókòó síbi tí Kwame Ture, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn adúláwọ̀, ti ń bá àwọn adúláwọ̀ sọ̀rọ̀, kó wá ròyìn. Fíìmù fi í hàn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ìtàn ìfẹ́: ibẹ̀ ló ti pàdé Patrice, ọmọbìnrin tí wọ́n fi orí ro. Adúláwọ̀ bíi Spike Lee ni Boots Riley, òun náà ń ṣe fíìmù, ó sì bínú sí ọ̀rọ̀ yìí lórí Twitter ní 2018, pé wọ́n sọ ọlọ́pàá di ọ̀rẹ́ wa. Àwọn kan ní ìlara ló ń ṣe é. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn kan náà ló ń sọ pé fíìmù lásán ni, tí wọ́n tún ń sunkún ní ìparí rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ti FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àti COINTELPRO, ètò tí wọ́n fi ń ṣe amí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n sì fi ń dà wọ́n rú, 1956 sí 1971, àti Fred Hampton, aṣáájú ẹgbẹ́ Black Panther, ọmọ ọdún 21, tí amí William O'Neal yàwòrán inú ilé rẹ̀ fún wọn kí ọlọ́pàá tó pa á ní Chicago ní 1969. Àyè ò sí mọ́.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti gba máìkì. “Ẹ ṣeun, olùkọ́. Amẹ́ríkà yìí ti tó. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní London níbí, fíìmù yìí ló sì wò. Ẹ sọ tibí fún wa.”

Mo ká ìwé mi. Mo ní, mà, ẹ rántí Stephen Lawrence. Ọmọ ọdún 18, àwọn òyìnbó ẹlẹ́yàmẹ̀yà gún un pa ní Eltham ní oṣù kẹrin ọdún 1993, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọdún 2012 ni méjì nínú wọn tó ṣẹ̀wọ̀n. Lásìkò tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ń wá ìdájọ́ òdodo kiri, ọlọ́pàá ìlú yìí kan náà ní ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Special Demonstration Squad, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 láti máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìwọ́de. Àwọn ibẹ̀ a máa jí orúkọ ọmọ tó ti kú jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Peter Francis, sọ síta ní 2013 pé wọ́n ní kí òun wá ẹ̀gbin tí wọ́n lè fi ba ìdílé Lawrence lórúkọ jẹ́. Ìdílé tí wọ́n pa ọmọ wọn o! Àwọn apààyàn ń rìn nígboro. Ìjọba wá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 2015.

“Ṣé kó má wọ̀ ọ́ ni?”

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Kó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó wá ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kó kọ́kọ́ bi wọ́n pé ilé ta ni òun ń lọ, àti pé kí ni ẹni náà ṣe.

“Tí wọn ò bá dá a lóhùn ńkọ́?”

Kó ṣe bíi Stallworth, mà. Kó kó fáìlì sábẹ́ apá, kó máa bọ̀ nílé.