Clara Schumann: Oníṣòwò Ni Atẹpíánò

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí o. Inú fóònù ni mo ti gbọ́ ọ tí mo wá tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo ti rojọ́ jù, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ẹ mọ ara mi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ mi rí ẹ fara dà á. Ẹni tó ń tẹ píánò ní kọ́nsáàtì, oníṣòwò ni. Ẹ lè máa pariwo ẹ̀bùn, ẹ̀bùn, ẹ̀bùn kì í háyà gbọ̀ngàn. Clara Schumann ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Leipzig ní Jámánì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1819. Bàbá ẹ̀, Friedrich Wieck, ń kọ́ èèyàn ní píánò, ó ń tà á, ó tún ń fi háyà, ká kúkú sọ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Ọmọ náà ò tètè sọ̀rọ̀, ó ti ń tó ọmọ ọdún 4 kó tó máa sọ ọ́ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ rò pé etí ẹ̀ di, àmọ́ bàbá ti pinnu pé òun máa sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tó máa fi di ọmọ ọdún 9, ìyẹn 1828, ó ti tẹ píánò níwájú èrò ní Gewandhaus, gbọ̀ngàn orin tó lórúkọ jù nílùú yẹn. Bàbá yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrántí ọmọ, tó ń kọ "èmi" síbẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ àwọn máníjà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Facebook olórin wọn lónìí.

Mo fẹ́ yára kọjá ibí yìí, mi ò lè kọjá: owó. Bàbá ló ń kó owó tọ́mọ ń pa. Nígbà tí Robert Schumann, tóun náà jẹ́ olórin, wá ní òun fẹ́ fẹ́ Clara, bàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọ̀mùtí ni, ọ̀rọ̀ di ti kọ́ọ̀tù, ìgbà tí kọ́ọ̀tù dá wọn láre ní 1840 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó, ó ku ọjọ́ kan kí ìyàwó pé ọdún 21. Ní 1838 ààfin ní Vienna ti fi í joyè atẹpíánò ọba. Robert fúnra ẹ̀ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló bà jẹ́, ló bá gbájú mọ́ kíkọ orin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe Clara ní "ìyàwó Schumann", ẹ wo déètì yẹn dáadáa kẹ́ ẹ sọ ẹni tí aráyé kọ́kọ́ mọ̀.

Wọ́n wá jọ ń gbé, ògiri ilé fẹ́lẹ́, tí ọkọ bá ń kọ orin ìyàwó ò gbọdọ̀ ṣí píánò. Káfíńtà tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan òòlù! Síbẹ̀ ó ń lọ sóde, òun àti oyún, ní 1844 ó dé Rọ́ṣíà, ọkọ tẹ̀ lé e lọ, inú ọkọ ò dùn. Òde ayé ìgbà yẹn, ìwọ lo máa kọ̀wé sí ẹni tó o mọ̀ nílùú tó ò ń lọ, kí wọ́n bá ẹ wá gbọ̀ngàn, kí wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n bá ẹ wá píánò tó ṣeé tẹ̀, tí èrò ò bá wá, ìwọ lo jẹ gbèsè.

February 1854, Robert bẹ́ sínú odò Rhine ní Düsseldorf. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Endenich, àwọn dókítà ò sì jẹ́ kí Clara fojú kàn án títí di July 1856, ọjọ́ 2 kó tó kú. Oyún ṣì wà níkùn ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ní káwọn ṣe kọ́nsáàtì fi kówó jọ fún un, ó ní rárá. Ó bí Felix ní June, kọ́dún náà tó parí ó ti padà sóde.

Ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sórí bó ṣe ń tẹ orin lórí, láìwo ìwé, ni màmá kan nàró láàárín èrò.

"Ọmọ mi, o ti sọ ti gbọ̀ngàn, o ti sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ?"

Gbogbo èèyàn pariwo. Mo ká pépà mi kò.

Ẹ ṣé mà. Mẹ́jọ ló bí, ọ̀kan kú lọ́mọ ọdún kan, ó ku méje. Àwọn àgbà wà ní bọ́díìnì, Julie wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ní Berlin, àwọn kéékèèké wà pẹ̀lú olùtọ́jú ilé. Brahms náà nìyẹn o, ọ̀rẹ́ wọn tó ń kọ orin, tẹ́ ẹ ti sọ di ọ̀rọ̀ òfófó láti ọdún gbọọrọ pé òun àti Clara ń fẹ́ra, ẹni tó dúró ti àwọn ọmọ ní Düsseldorf tó tún ń kọ ìnáwó ilé sínú ìwé nìyẹn, ẹ tún wá òfófó míì. Nígbà tó yá Clara ra ilé lẹ́bàá Baden-Baden, kí wọ́n lè máa rí ara wọn nígbà ooru, torí ìgbà òtútù ni òde máa ń pọ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀ mà, lẹ́tà ló fi tọ́ púpọ̀ nínú wọn. Julie kú ní 1872, Felix ní 1879, Ludwig parí ayé ẹ̀ nílé àwọn alárùn ọpọlọ, Ferdinand kú ní 1891, Clara ló sì ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ tí Ferdinand bí.

Wọ́n ní ó ku ìṣẹ́jú 2. Kíákíá: ó lọ sí England ju ìgbà 15 lọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Frankfurt ní 1878, òde ìkẹyìn ẹ̀ jẹ́ 1891, ó ti lé ní 70 nígbà yẹn, ó kú ní 1896, Jámánì sì fi àwòrán ẹ̀ sórí owó 100 máàkì kí Yúrò tó dé. Lórí owó, ẹ gbọ́!

Màmá yẹn ò tíì jókòó. "Èyí àgbà pátápátá ńkọ́?"

Marie ni mà. Òun ló ń bá ìyá ẹ̀ rìnrìn àjò, òun ló ń bá a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó wà pẹ̀lú ẹ̀ títí ó fi kú.

"Ṣé ó lọ́kọ?"

Rárá mà.

Ó mirí, ó jókòó.