Ibi Tí Wọ́n Sá Sí Là Ń Lọ Wò

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí iná ò sí, tí ohùn mi sì ń bá ariwo jẹnẹrétọ̀ du ipò. Mo ti tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kú iṣẹ́ o.

Wọ́n ní kí n wá sọ ìlú àti ìgbèríko tó wù mí jù nínú gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ mi ti dé, kí ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò afẹ́ lásìkò ìsinmi lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yà sí. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ni ní jọ́gíráfì. Ara pátákó ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè fún àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó lọ ń gùn wọ́n. Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ orúkọ àwọn ibi tó wù mí sórí ìwé, nǹkan kan yà mí lẹ́nu: bóyá ló ku ẹyọ kan nínú wọn tí kì í ṣe ibi tí àwọn èèyàn sá sí nígbà ogun. Orí àpáta tí àwa ń dúró sí ya fọ́tò, tí a ń sọ pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára, ìyá àgbà ẹnìkan ti dúró síbẹ̀ rí, tó ń wò bóyá eruku ẹsẹ̀ ẹṣin ń bọ̀ lókèèrè.

Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa yìí yàtọ̀ ni? A mọ oríkì rẹ̀: Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Nígbà tí ogun Fúlàní gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kan, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tó yí wa ká ló tú, ọ̀dọ̀ Ṣọ̀ún, ọba wa, ni wọ́n kó ẹrù wọn wá. Ìdí nìyẹn tí agboolé méjì fi máa ń fara kan ara wọn níbí tí oríkì ìkíní kò bá ti ìkejì tan. Bí àlejò bá bi mí ohun tó yẹ kó wò ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kì í júwe ilé kankan fún un. Mo máa ń ní kó wá ẹni tó gbọ́ oríkì dáadáa, kí wọ́n jọ fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Igbó lọ sí ààfin, kó sì máa bèèrè lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pé, "Àwọn wọ̀nyí, láti ibo?" Kó bá àsìkò máńgòrò dé, nítorí ẹni tó bá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí máńgòrò ti tán, ìdajì ló rí.

Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni gbogbo yín ti lọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dó sábẹ́ àpáta náà. Dàhómì, ìjọba kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òní, wá bá wọn jà lọ́dún 1851, wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbénisókè síbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Èmi a máa gbádùn ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, kí n ti ibẹ̀ yà sí Ìtòkú lọ wo àdìrẹ. Ẹ ná a dáadáa.

Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo fẹ́ ká jókòó sí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibùsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, bàtà aláwọ tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀. Kí n tó gùn dé ìdajì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti yanu. Àwọn ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọn kó wá ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú sílípáàsì, wọ́n ń kí mi, "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo dé òkè.

Nígbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé ìlú odindi ló wà lórí òkè: ààfin Ọwá tó ní òpó gbígbẹ́, kọ́ọ̀tù, ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èyí ló jẹ́ kí n ronú. Ẹni tó sá gun òkè nítorí ogun kì í kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀. Ayé òyìnbó ti dé, ogun ti tán, àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣì wà lókè, ọmọ wọn ń dàgbà níbẹ̀, ẹjọ́ wọn ń lọ níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tí ìlú wà báyìí, láàárín oko kòkó. Mo bi ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri pé kí ló dé tí wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ̀ẹ́ fẹ́ sọ̀kalẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Kùrukùru ń rìn láàárín àwọn àpáta bí èéfín inú àrò, gbogbo ariwo ìsàlẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n mú òkè kan ṣoṣo, n kò ní mú Ìdànrè. Adó-Àwáyè ni màá mú, lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí Ìsẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà tó gba Fápótè lọ sí Ìsẹ́yìn, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní àwíjàre mọ́. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ 369. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mímí hẹlẹ kò jẹ́ kí n ka iye kan náà. Lókè, ẹ óò rí ibì kan tí wọ́n ń pè ní "ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run". Orúkọ yẹn ti tó ìkìlọ̀. Ẹ óò rí Ìyákẹ́ náà, adágún omi tó wà lórí òkè. Wọ́n á sọ fún yín pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Amẹ́ríkà. Adágún orí òkè pọ̀ láyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá onílé jiyàn lórí òkè rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú omi yẹn ju ti pé ó ṣọ̀wọ́n lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti gbé lókè yẹn rí. Bí ọ̀tá bá dó sísàlẹ̀ tí kò lọ fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọfà ni yóò sọ ẹni tó wà lókè kalẹ̀, òùngbẹ ni. Òkè tó bá ní omi ni ilé. Èyí tí kò ní omi, àpáta lásán ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ro èyí, òkè yòówù kí n gùn, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Ẹ óò rí i pé ìtàn tí wọ́n máa sọ fún yín yóò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti há sórí fún àlejò.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà ní Ìsẹ́yìn lọ wo àwọn ahunṣọ. Ẹ má ra aṣọ òfì lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ kí yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí Ọ̀yọ́. Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là á rí. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ méjì ló wà, ọ̀kan ni a sá kúrò níbẹ̀, ìkejì ni a sá wá sí. Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840. Inú igbó ọba ìjọba àpapọ̀ ló wà báyìí, igbó tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tí wọ́n sọ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè lọ́dún 1991. Oríléeṣẹ́ wọn wà ní Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀ṣọ́. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dá wọ̀. Oṣù kìíní sí ìkẹta ló dára jù, nígbà tí wọ́n bá ti sun koríko, tí ẹ lè rí ẹfọ̀n àti ìnàkí láti òkèèrè.

Ọ̀pọ̀ tó lọ síbẹ̀ ló ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú: "Igbó lásán ni wọ́n fi hàn wá!" Wọn kò parọ́. Ògiri ìlú tó ti di ebè gígùn, àpáàdì káàkiri ilẹ̀, igi tó hù níbi tí kò yẹ kí igi hù. Ṣùgbọ́n bí mo ti dúró síbẹ̀, mo rántí Ọjà Akẹ̀sán. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ sí Àgọ́-Ọjà tó di Ọ̀yọ́ òní, wọn kò lè ru ògiri, wọn kò lè ru ààfin. Orúkọ ni wọ́n rù. Wọ́n pe ọjà tuntun ní Akẹ̀sán bíi ti àtijọ́. Ọjà náà jóná lóṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tún un kọ́, orúkọ náà ò jóná. Ẹ lọ wo àwọn afíngbá níbẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kí ẹ sì gbìyànjú láti wà níbẹ̀ lásìkò ọdún Ṣàngó lóṣù kẹjọ, ọdún tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 2023.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà wà nínú ìwé mi. UNESCO ti gbà á láti ọdún 2005, iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló sì kún ibẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọdún bí ẹ bá fẹ́ rí igbó. Èrò lẹ máa rí. Ẹ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè kan ṣáá.

Ibi tó kù wà lẹ́yìn odi, ní Bẹ̀nẹ̀ tó jẹ́ ti Faransé tẹ́lẹ̀. Kétu kò ní òkè. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Yàrà ni wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdẹ́nà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ìlẹ̀kùn yẹn dára, síbẹ̀ Dàhómì run ìlú náà lọ́dún 1886. Èmi kì í ya fọ́tò níbẹ̀, n kò mọ ìdí.

Àwọn kan tí kò ní òkè, tí kò sì gbẹ́kẹ̀ lé yàrà, orí omi ni wọ́n lọ. Ganvié nìyẹn, lórí adágún Nokoué nítòsí Kùtọnu. Àwọn Tofinu sá fún àwọn amúnilẹ́rú Dàhómì, wọ́n kọ́lé lórí òpó nínú omi. Ọjà wọn, inú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Ọmọdé á tukọ̀ kó tó mọ ìwé kà. Ọkọ̀ tó gbé wa lọ kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójú omi kí atukọ̀ tó máa bu omi jáde láti inú rẹ̀ pẹ̀lú agolo, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àkàsà fún mi pẹ̀lú ẹja, mo tọ́ ọ wò, mo ní, "Ẹ̀kọ wa náà mà rèé!"

Nípa ìmúrasílẹ̀, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni kí ẹ lọ wo ìṣàn omi, bíi ti Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí omi ṣì kún. Oṣù kọkànlá ni ti òkè: òjò ti lọ, àpáta kò yọ̀ mọ́, ọyẹ́ kò sì tíì dé láti fi eruku bo ohun tí ẹ gùn ún lọ wò. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Níbì kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gba owó ìwọlé lọ́wọ́ mi kí n tó wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Ẹni kẹta tiẹ̀ súre fún mi.

Nígbà tí a dé orí ìbéèrè, ọ̀dọ́kùnrin kan nawọ́. "Tíṣà, Dubai ńkọ́?" Mo ní mo ti wo Dubai, nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ bó bá lówó rẹ̀, ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kó bá mi bèèrè ta ló sá síbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí ni màmá kan dìde pẹ̀lú ọ̀pá, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní orúnkún àwọn kò gba òkè mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ sí Ìkògòsí ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Wọ́n ní kì í ṣe ohun tí àwọn ń bèèrè nìyẹn. "Agboolé tiwa, láti Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti gbé wá síbí. Ìyá bàbá mi a máa sọ̀rọ̀ ibẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ọdún 74 ni mo ti ń gbọ́ oríkì Ìkòyí lórí ara mi, mi ò tíì fojú kan ibẹ̀. Kò sì jìnnà. Ìwọ ń sọ ibi tí wọ́n sá sí. Ta ni yóò mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti sá?"

Gbogbo yàrá dákẹ́, àfi jẹnẹrétọ̀. Mo ní mo máa mú wọn lọ. A mú Sátidé kejì oṣù kọkànlá. Àwọn mẹ́fà mìíràn ti fi orúkọ sílẹ̀ kí a tó dìde. Bí mo ti ń sìn wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà, màmá di apá mi mú, wọ́n rọra bi mí pé ṣé mọ́tò tí mo fẹ́ gbà yẹn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga jù?