Bí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ṣe Ń Sọ fún Agbábọ́ọ̀lù Pé Kó Máa Lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan tó máa ń wáyé nínú ọ́fíìsì yín lópin sáà ni mo bá wá: ìgbà tí ẹ bá ránṣẹ́ pe agbábọ́ọ̀lù láti sọ fún un pé ẹgbẹ́ kò ní í fún un ní àdéhùn mìíràn. Ẹni tó yẹ kó lọ àti ẹni tó yẹ kó dúró, iṣẹ́ yín nìyẹn, mi ò ní í dá sí i. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọlọ́mọ ló jẹ mí lógún.

Onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Douglas Maynard, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń sọ ìròyìn búburú. Ọ̀nà mẹ́ta ló rí. Àwọn kan á jù ú lu olúwarẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á máa fi falẹ̀ títí ẹni tó ń gbọ́ á fi rò ó fúnra rẹ̀. Àwọn kẹta á fi gbólóhùn kan ta á lólobó, wọ́n á sì sọ ọ́ kíá. Ọ̀nà kẹta yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè yéni. Lójú tèmi, fífi falẹ̀ ló pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀lù, àánú ló sì ń fà á. Ṣùgbọ́n ta ni àánú náà ń ṣe láǹfààní?

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ ọdún 18 kan wọlé, ó fi ìdí kan àga díẹ̀. Kóòṣì kí i, ó béèrè àwọn ará ilé, ó wá ní: “Báwo lo ṣe rí sáà yìí sí?”

“Ó dáa díẹ̀, sà. Mo mọ̀ pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbá lẹ́yìn tí mo ṣèṣe, àmọ́ mo ti ń bọ̀ sípò.”

Kóòṣì mi orí. “O rí i, ìwọ náà ti sọ ọ́. O ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbá.”

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n gbà mú tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Tó bá sì jẹ́ pé ó ní sáà náà dára fún òun, ó tún burú sí i, torí kóòṣì á kọ́kọ́ já a nírọ́ kó tó já a sílẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí àwọn dókítà náà máa ń béèrè? Òótọ́ ni. Ìlànà SPIKES, ìyẹn ìlànà sísọ ìròyìn búburú, tí Walter Baile àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2000 fún àwọn dókítà tó ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní ìgbésẹ̀ 6. Èkejì ni pé kí dókítà kọ́kọ́ wádìí ohun tí aláìsàn ti mọ̀. Àmọ́ dókítà kọ́ ló fi jẹjẹrẹ sí i lára. Ó ń béèrè kó lè mọ ibi tí àlàyé yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ti pinnu kí ọmọ yìí tó kanlẹ̀kùn, kò sì sí èsì tó lè fọ̀ tó máa yí i padà. Ẹ má wulẹ̀ bi í.

Ẹ ní: “Ìròyìn tí mo ní fún ọ kò dára. A ò ní í fún ọ ní àdéhùn mìíràn.” Ẹ sọ pé “a”, ẹ má sọ pé “wọ́n”, torí ẹ wà ní ìpàdé tí ẹ ti pinnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni àwọn kóòṣì lára ju ẹkún lọ, ni wọ́n á bá máa fi ìyìn dí i: ọmọ dáadáa ni ọ́, o máa ń tètè dé, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ. Ohun tí ọmọ ń rò lọ́kàn ni pé, bí mo bá dára tó báyìí, kí ló dé tí ẹ ń lé mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi ìtàn àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù bíi Vardy tù ú nínú. Òótọ́ ni pé Sheffield Wednesday já Jamie Vardy sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 16, tó wá gba líìgì England pẹ̀lú Leicester ní 2016. Chelsea já Declan Rice sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 14. Arsenal já Eberechi Eze sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 13, àwọn náà ló tún lọ rà á ní 2025. Àmọ́ àwọn tí a ò gbúròó wọn mọ́ pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, ọmọ náà sì mọ̀ wọ́n, torí wọ́n jọ ń wọṣọ nínú yàrá kan náà ni.

Bó bá béèrè ìdí, ẹ sọ ẹyọ kan, kó sì jẹ́ òótọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní Faransé kọ Antoine Griezmann, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Faransé, nítorí ó kéré lára. Real Sociedad ní Sípéènì mú un bẹ́ẹ̀. “O kéré lójú wa” dun èèyàn, àmọ́ ẹgbẹ́ mìíràn lè wò ó kó ní kò rí bẹ́ẹ̀. “O ò tíì tó ipele wa” kò ní ibi tí èèyàn lè dì í mú.

Ìyókù ò le. Ẹ má jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù tò sẹ́nu ọ̀nà máa wo ojú ẹni tó ń jáde. Ẹ kọ déètì tí àdéhùn parí sílẹ̀ fún un, ẹ kọ ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bó bá ṣì ní egbò, ẹ sì fún un ní fídíò àwọn eré rẹ̀. Ẹgbẹ́ Crystal Palace ní England bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 3 láti máa mójú tó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá já sílẹ̀ ní akádẹ́mì wọn, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn. Bí ẹgbẹ́ yín ò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, fóònù kò wọ́n. Ẹ pè é láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀ bó bá ṣì kéré, torí lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, etí rẹ̀ ti di. Ọjọ́ ìpè yẹn ló máa tó béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.