Ìbọn Ìléwọ́ Pọ́ọ́kú Tí Kò Ní Dójú Tì Yín

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará wa. Ìbàdàn ni a wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland ni ọ̀rọ̀ tòní kàn. Ẹ̀yin lẹ ń béèrè ṣáá pé: ìbọn ìléwọ́ wo ni kò wọ́n, tí yóò sì dún nígbàkúùgbà tí a bá fà á? Ó dáa. Ẹ jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiyín. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 kó gbogbo pistol àti revolver (èyí tí ọta rẹ̀ ń wà nínú ìlù tó ń yí) sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn tí òfin dè pátápátá, àfi kí Ààrẹ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i fúnni. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ti inú fídíò yìí dìde lọ wá ìbọn kiri ìgboro. Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ má sì dì í mẹ́rù bọ̀ wálé.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ó ní ẹni tó lè rà. Bó bá jẹ́ fíísà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò lẹ fi wọlé, òfin àpapọ̀ wọn kò gbà yín láyè, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ti gba green card lè rà. Lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó níwèé, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù ìjọba tí wọ́n ń pè ní 4473, wọn yóò sì yẹ orúkọ yín wò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fi orúkọ yín rà á fún ẹlòmíràn, bó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó! Ẹ̀wọ̀n ni.

Ó yá.

Ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ rà ní Àráròmí, ní Gate, kì í wo bí wọ́n ṣe fọ ara rẹ̀ tó. Ó mọ̀ pé kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló ṣe é. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì náà fi kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tó ti wá ló ń wá. Bí a ṣe ń ra ìbọn pọ́ọ́kú gan-an nìyẹn: kí ni ó mú un pọ́ọ́kú? Nǹkan kan wà tó ń mú un pọ́ọ́kú tí kò burú rárá, òmíràn sì wà tó jẹ́ àbùkù.

Àbùkù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí a lè kúrò níbẹ̀ kíákíá. Láti nǹkan bí 1970 títí dé àwọn ọdún 1990, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní gúúsù California ń ṣe ìbọn kéékèèké tówó rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an: Raven, Jennings, Bryco, Lorcin. Zinc tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù, ni wọ́n fi ṣe sláìdì, ìyẹn irin òkè ìbọn tó ń sún lọ sún bọ̀, àti ara rẹ̀. Zinc kò le bí irin. Bó bá pẹ́, sláìdì a lanu, eyín inú rẹ̀ a sì jẹ dànù. Púpọ̀ nínú wọn, bí wọ́n bá já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọta nínú, wọ́n lè dún. Ìpínlẹ̀ Illinois tilẹ̀ ṣòfin lòdì sí ìbọn tí irin rẹ̀ bá yọ́ kí ooru tó dé 800 Fahrenheit. Ẹ óò ṣì rí wọn nínú gíláàsì àwọn tó ń tà á. Ẹ kọjá lára wọn.

Hi-Point C9, tí wọ́n ń ṣe ní Ohio, máa ń da ojú ọ̀rọ̀ yìí rú fáwọn èèyàn, torí zinc ni sláìdì tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di gàdàgbà. Ìbọn náà lé ní gíráàmù 800, torí pé kò sí ohun tó ń ti ọ̀pá ìbọn mọ́ sláìdì nígbà tó bá dún. Ìwúwo sláìdì àti sípíríǹgì nìkan ló ń dá a dúró. Ó tóbi, kò lẹ́wà, ọta 8 péré ló ń gbà. Ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 200 dọ́là lọ. Bó bá bàjẹ́, ilé iṣẹ́ náà yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bó jẹ́ ẹnìkẹta lẹ ti rà á. Èyí tó bá ń há nínú wọn, ẹnu mágásíìnì rẹ̀, ìyẹn àpótí tí ọta ń wà, ni ẹ kọ́kọ́ wò. A ń bọ̀ lórí mágásíìnì. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí tó tó o.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi léèrè, ìbọn tí ọlọ́pàá lò tí wọ́n dá padà ni kí ẹ wá. Ẹ wo bí ó ṣe di pọ́ọ́kú. Glock 22 jáde ní 1990, ọta .40 ló ń yìn (ìbú ọta ni nọ́ńbà yẹn), ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà sì gbé e. Nígbà tó yá, ní nǹkan bí 2014 sí 2015, FBI padà sí ọta 9mm, àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá káàkiri sì tẹ̀lé wọn. Wọ́n kó àwọn .40 wọn fún oníṣòwò, wọ́n gba tuntun. Ìbọn náà kò ṣẹ̀, ọjà ló yí padà! Bíi 300 dọ́là ni wọ́n sábà ń tà á. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í yìn tó bí ẹ ṣe rò. Inú àpò ìgbádìí ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí dúdú ara sláìdì ti họ nítòsí ẹnu ìbọn, àpò ló họ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Bí iná àmì ìfojúsùn rẹ̀ kò bá tàn lóru mọ́, tritium, gáàsì tó ń mú un tàn, ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń dín sí ìdajì láàárín ọdún 12. Ọjọ́ orí ni, kì í ṣe àìsàn.

Ohun tó ń rẹ̀ nínú rẹ̀ ni sípíríǹgì iwájú, èyí tó ń ti sláìdì padà. Ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ yọ mágásíìnì KỌ́KỌ́, kí ẹ tó fa sláìdì láti yọ ọta tó wà lọ́nà ọ̀fun, ìyẹn ibi tí ọta ń wà nígbà tó bá fẹ́ dún. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fa sláìdì, mágásíìnì yóò ti òmíràn sínú rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ó ṣófo. Ẹ fi ojú wo ọ̀fun rẹ̀, ẹ fi ìka kàn án. Ó ti ṣófo? Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sókè ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, síbi tí kò léwu, ẹ fa tírígà kí ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ wá fa sláìdì sẹ́yìn, kí ẹ rọra bá a padà, díẹ̀díẹ̀. Bó bá padà dé ilé rẹ̀ pátápátá, sípíríǹgì ṣì lágbára. Bó bá dúró díẹ̀ kó tó délé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀; kò tó 20 dọ́là. Àwọn tó ń tún un ṣe a máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bíi ọta 3,000 sí 5,000.

Nínú àwọn tuntun, Taurus G3C, Smith & Wesson SD9VE (ilé iṣẹ́ ti fi SD9 2.0 rọ́pò rẹ̀ báyìí) àti Ruger Security-9 wà lára èyí tí wọ́n ń rà láàárín 250 sí 400 dọ́là. Tírígà SD9VE le, ó tó bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀. Ohun tó sọ ọ́ di pọ́ọ́kú nìyẹn, kì í ṣe pé kì í dún. Ti Taurus, àwọn àtijọ́ kan, bíi PT-24/7 àti PT-111 Millennium, ló dé kóòtù lórí ìbọn tó lè dún bó bá já bọ́, wọ́n sì fẹnu kò ní 2015 láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi nọ́ńbà ara ìbọn yẹ ojú ìwé ilé iṣẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n ń pe irú rẹ̀ padà, kí ẹ tó sanwó, irú ìbọn yòówù kó jẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Wàyí o, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe rèé.

Ẹ ra ìbọn. Ẹ gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn. Ó há lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ padà délé, ẹ ní ìbọn náà ò dáa, ẹ tà á ní àdánù. Ẹ̀yin ará, mágásíìnì ni! MÁGÁSÍÌNÌ NI, lọ́pọ̀ ìgbà! Páànù tí wọ́n tẹ̀ ni, pẹ̀lú sípíríǹgì àti ike kékeré kan. Bí ètè rẹ̀ bá là jù, ọta á tètè bọ́. Bó bá pa dé jù, ọta á forí sọlẹ̀. Ẹ mú páálí ọta dání, ẹ mú mágásíìnì mẹ́ta, ẹ fi máàkà kọ 1, 2, 3 sí ìdí wọn. Nígbàkúùgbà tí ìbọn bá há, ẹ kọ nọ́ńbà mágásíìnì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 2 ló ń há ṣáá, tí 1 àti 3 ń lọ geere, ìbọn yín kò ní àìsàn. Ẹ ju 2 nù. Ẹ má fi í pamọ́ pé bóyá ó máa wúlò lọ́jọ́ kan. Ẹ JÙ Ú NÙ. Bó bá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń há, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bi ìbọn léèrè ọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó yìn ín, ẹ nu gíríìsì tí ilé iṣẹ́ fi pa á kúrò, ẹ kán òróró sójú irin tí sláìdì ń sún lórí rẹ̀. Ẹ̀kán kan lójú kọ̀ọ̀kan tó.

Mélòó ni ẹ ó yìn? 50 kò tó! Ọta ìdánrawò 200, lẹ́yìn náà 50 irú èyí tí ẹ fẹ́ máa fi sínú rẹ̀ gan-an, torí orí ọta ìdánrawò yípo, ti ekejì ní ihò lórí, kì í sì í gun ọ̀fun ìbọn bákan náà. Ẹ má nu ìbọn láàárín rẹ̀. Bó bá há, ẹ wo bó ṣe há. Bó bá jẹ́ orí ọta ló forí sọlẹ̀, mágásíìnì ni. Bó bá jẹ́ kòròfo ọta tó ti dún ló dúró ṣánṣán lẹ́nu fèrèsé sláìdì tó yẹ kó gbà jáde, ẹ wo ọrùn ọwọ́ yín: bí ọwọ́ bá rọ̀, gbogbo ìbọn ni yóò bá sláìdì lọ sẹ́yìn, sláìdì kò ní rìn débi tó yẹ, kòròfo kò sì ní fò dànù. Ẹ fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n yìn. Bí kò bá há mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn kọ́.

Bí ẹ bá fà á, tó kàn ró “kẹ́” láìdún, ẹ kọ ojú rẹ̀ síbi àmì, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ wo ìdí ọta náà. Bí abẹ́rẹ́ inú ìbọn tó ń lu ìdí ọta bá tẹ̀ ẹ́ wọlé jìn, ọta ló bàjẹ́. Bó bá kàn fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, ìdọ̀tí wà lọ́nà abẹ́rẹ́, tàbí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀. Bó bá wá dún fẹ́ẹ́, tí kò tì yín lọ́wọ́ bó ti yẹ, Ẹ DÚRÓ! Ẹ má tún un fà. Orí ọta lè ti dúró sínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó bá tẹ̀lé e yóò sì fọ́ ìbọn sí yín lọ́wọ́.

Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ mọ́ owó ìbọn: ọta 250 lè gbà tó 80 sí 100 dọ́là, mágásíìnì méjì bíi 50. Ìbọn 300 ti di 450 nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní 150 tókù, kó ṣì ní sùúrù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn revolver, mo mọ̀ pé ẹ ń dúró. Smith & Wesson Model 10, ọta .38, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1899 kí wọ́n tó fún un lórúkọ yẹn ní 1957. Ó lé ní mílíọ̀nù 6 tí wọ́n ti ṣe, nítorí náà tòkúnbọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ìbọn gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ fi ìka kan dá ìlù tó ń yí dúró fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ rọra fa òòlù rẹ̀, irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń mú ọta dún, sẹ́yìn: ìlù gbọ́dọ̀ ró “kọ́” kó sì dè kí òòlù tó dé ìparí. Ẹ ṣe é fún ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Ihò kan tó bá ń pẹ́, ẹ fi ìbọn náà sílẹ̀. Bí òòlù bá ti gbé sẹ́yìn, ẹ fi àtàǹpàkò tì í síwájú láìfọwọ́ kan tírígà. Bó bá já bọ́, ẹ má rà á.

Ẹ wá mú irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì fi ń wọn fáàfù, irú èyí tó kún Gate, ẹ fi wọn àlàfo láàárín ìlù àti ìdí ọ̀pá ìbọn. 0.10 sí 0.20 mílímítà dára. Bí 0.30 bá wọlé láìjà, iná àti òjé yóò máa fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, títún un ṣe yóò sì jẹ gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́. Irin náà gbọ́dọ̀ mọ́ o. Òróró díẹ̀ lára rẹ̀ ti tó láti ṣi ìwọ̀n náà.