Wáàsí Jímọ̀: Ẹ Mú Ọmọ Yín Jáde

As-salaamu alaykum, ẹ̀yin òbí. A kú Jímọ̀ o.

Ẹ̀yìn Ànábì (ṣ.a.w.) ni Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, wà lọ́jọ́ kan, ọmọdé ni, tí Ànábì fi sọ fún un pé: "Ọmọ, ṣọ́ òfin Ọlọ́hun, Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ." Gbólóhùn bíi mélòó kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibn Abbas dàgbà, kò gbàgbé. Òun ló sọ ọ́ tó fi dé inú ìwé hádíìsì Tirmidhi. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ọmọ yín jáde, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Láyípo ní Òkè Ààrẹ nílùú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gùn ún lọ́jọ́ náà. Ẹ kí ìrun Àìlà kí ẹ tó jáde. Bí ọkọ̀ Micra bá ti gbéra, ẹ ka àdúà ìgun ọkọ̀, "Subhaanal-ladhii sakhkhara lanaa haadhaa", kí ọmọ máa gbè é.

Àtẹ̀gùn yẹn ń yí po, òòyì a máa kọ́ ọmọdé. Bí ẹ bá ń gòkè, kí ọmọ wà níwájú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣíwájú, kó lè jẹ́ ara yín ló máa bá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Jabir, sàábé Ànábì, ní bí àwọn bá ń gòkè, "Allaahu Akbar" làwọn ń wí. Bí àwọn bá ń sọ̀, "Subhaanallaah". Lókè, ẹ fi páànù pupa Ìbàdàn àti gbọ̀ngàn Mápó hàn án, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti inú Súrà Gaashiya nínú Kùránì: báwo ni wọ́n ṣe gbé sánmà ró? Ẹ dákẹ́, kó dáhùn. Òbí tó bá wáàsí láti ìsàlẹ̀ dókè, òun nìkan ló ń gbọ́ ara rẹ̀.

Àlàsárì á bá yín níbẹ̀. Ìwọ̀n mùúdù kan, tí kò tó lítà kan, ni Ànábì máa ń fi ṣe àlùwàlá, nítorí náà omi ọlọ́ràá méjì tó ọmọ kan. Igun kékeré ni kẹ́ ẹ gé. Bí ẹ bá fi eyín ya ọ̀rá náà gbàgà, omi á ti tán kó tó kan ẹsẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ ọmọ dáadáa: orí ẹsẹ̀ ló ń da omi sí, omi á ṣàn gba ọmọ ìka lọ, ẹ̀yìn á gbẹ táútáú. Ojú ìrìn àjò gan-an ni Ànábì ti rí irú rẹ̀ tó fi kígbe pé: "Ègbé ni fún àwọn gìgísẹ̀ nínú Iná!"

Ará Ìbàdàn ò sì tíì kúrò nílùú o. Ráká mẹ́rin ni Àlàsárì, ẹ má gé e kúrú bíi ti arìnrìn-àjò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ darí sílé. Ànábì ní ká kó ọmọdé wọlé lásìkò yẹn. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣa ọ̀rá omi méjèèjì sápò.