Kí ṣọ́bìrì tó wọlẹ̀: bí ẹ ṣe lè mọ òfin ilé kíkọ́ tó de ilẹ̀ tí ẹ gba iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ gbà. Sáìtì wa ní Ìkòròdú ni mo wà yìí. Ẹ rí i pé a ti kan èèkàn, a ti ta okùn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ìwé sọ́fè ilẹ̀ yìí, ìwé tó fi ààlà rẹ̀ hàn, ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó bá onílé sọ̀rọ̀ iye búlọ́ọ̀kù rárá, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà àwọn òkúta ààlà létí ìlà pupa yìí. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní Aláùsá, kí wọ́n bá yín wò ó lórí máàpù ìjọba. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ọmọ onílẹ̀ lè gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ yín kó sì súre fún yín, ìyẹn ò sọ ilẹ̀ ìjọba di ti onílé.

Òfin wo wá ni ká kà? Ìwé òfin ilé kíkọ́ ti gbogbo Nàìjíríà wà, ọdún 2006 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Ẹ kà á. Àmọ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ilé kíkọ́ wà. Ti Èkó ni òfin ètò ìlú ti ọdún 2010 àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2019. Ẹni tó ń kọ́lé ní Agége, tó wá gba iṣẹ́ ní Ọ̀tà, ó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn nìyẹn. Òfin yí padà, ọ́fíìsì yí padà. L'Ékòó níbí, LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, ló ń fọwọ́ sí píláànù. LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ló ń tẹ̀lé ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà fún àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà. Ẹ bi wọ́n: ṣé ilé gbígbé nìkan ni wọ́n gbà láàyè ní òpópónà yìí àbí ṣọ́ọ̀bù náà? Àjà mélòó? Mítà mélòó la gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé etí títì ńlá kì í gba iye kan náà pẹ̀lú ilé inú kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà àti wáyà iná ńlá ní tiwọn lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ kejì tí mo dá gbà, ẹnu àwọn bíríkìlà ni mo ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ti tó lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Píláànù tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù wà nínú ọkọ̀ mi. 3 mítà ló wà níbẹ̀, mi ò ṣí i wò. Ìpìlẹ̀ ti dé DPC, ibi tí ìpìlẹ̀ parí sí tí ògiri ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ká dúró. A wó odindi ẹ̀gbẹ́ kan. Owó ìfẹ̀yìntì ni ìyá tó ni ilé náà fi ń kọ́ ọ. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nítorí náà, ẹ sún mọ́ píláànù yìí dáadáa. Òǹtẹ̀ rèé, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rèé. Ìlà tó nípọn yìí ni ààlà ilẹ̀. Èyí tó ń já tó ń so ni ibi tí ilé ò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ wo 3000 tó wà láàárín wọn. Mìlímítà ni, 3 mítà nìyẹn. 225 tó wà lára ògiri yìí, búlọ́ọ̀kù 9 íǹṣì ni. Láti ìlà ààlà ni kí ẹ ti fa tépù, kì í ṣe láti ara fẹ́ńsì aládùúgbò, torí fẹ́ńsì rẹ̀ lè ti wọnú ilẹ̀ yín.

Òfin ò dúró sórí ìwọ̀n nìkan o. Ẹ yí àpò sìmẹ́ńtì yìí padà. Ẹ rí 42.5 tí wọ́n kọ síbẹ̀? Bí sìmẹ́ńtì náà ṣe lágbára tó nìyẹn. Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìjójúlówó ọjà, ti là á sílẹ̀: 32.5 fún pílásítà, 42.5 fún òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá ń da kọnkéré, ẹ rọ díẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù 150 mìlímítà wọ̀nyí, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ tọ́jú èsì rẹ̀ sínú fáìlì, torí bí ilé bá parí, ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ ní gbígbé ṣì kù láti gbà lọ́wọ́ LASBCA.

Àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ là ń dúró dè báyìí. Òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Tó bá ti fa tépù tirẹ̀ sí okùn wa yìí, tó sì bá 3 mítà níbẹ̀, ẹ ó rí ṣọ́bìrì tó máa wọlẹ̀.